Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́: Ta ló ń dẹ́rù ba olóṣèlú tó fẹ́ bá ẹgbẹ́ kejì ṣe pọ̀?

Nínú àtẹ̀jáde tó kọjá, mo fi ìpínrọ̀ kan péré mẹ́nu kan Coffee Party, àwọn ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ pé ilé ìtajà kọfí ni wọ́n ti ń pàdé lọ́dún 2010, tí wọ́n ní kí àwọn olóṣèlú dẹ́kun èébú, kí ẹgbẹ́ méjèèjì, Democrat àti Republican, jókòó ṣe ìjọba pọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìpínrọ̀ kan yẹn kó lẹ́tà wá ju gbogbo ohun tí mo ti kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru lọ? Èmi tí mo fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì! Kò burú. Mo ti gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò bí mo ṣe máa ń ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn oníkọfí tí ẹ sọ̀rọ̀ wọn yìí, ibo ni wọ́n wọlẹ̀ sí? Ọdún 2008 ni mo dé Houston. Ojú mi ni àwọn Tea Party, àwọn Republican tí ìnáwó ìjọba ń bí nínú, ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n pariwo, wọ́n sì dé ipò. Àwọn ẹlẹ́mìí tútù tiyín, n kò gbọ́ orúkọ wọn rí títí ẹ fi kọ ọ́. Ṣé kì í ṣe pé oníwà pẹ̀lẹ́ kì í rí nǹkan kan mú nídìí òṣèlú? (Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ láìfepobọyọ̀, èmi náà á dáhùn bẹ́ẹ̀. Ìwà pẹ̀lẹ́ kọ́ ló pa wọ́n. Ibi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọn kò lọ.

Oṣù Kejì ọdún 2009 ni oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan, Rick Santelli, fi ìbínú sọ̀rọ̀ láàárín àwọn oníṣòwò ọjà ìdókòwò ní Chicago. Ètò tí Ààrẹ Obama fẹ́ fi ran àwọn tí gbèsè ilé wọ̀ lọ́rùn lọ́wọ́ ló ń bí i nínú, ló bá ní àfi kí àwọn ṣe Tea Party. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi gba ìgboro. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2010, obìnrin kan tó ń ṣe fíìmù, Annabel Park, tí wọ́n bí ní South Korea, kọ ọ́ sójú ìwé Facebook rẹ̀ pé ariwo náà ti sú òun, bóyá kí àwọn náà dá Coffee Party sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tó dara pọ̀ mọ́ ọn lórí Facebook ti lé ní 100,000. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, wọ́n pàdé nílé kọfí káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ṣe àpéjọ ńlá ní Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky.

Kí ni wọ́n ní kí ènìyàn ṣe tó bá mu kọfí tán? Pé kó fi sùúrù sọ̀rọ̀, kó gbọ́ tẹnu ẹlòmíì, kó máa kọ̀wé sí aṣòfin rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àwọn Tea Party ń lọ lásìkò kan náà: ìdìbò abẹ́lé ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ará ilé. Kí Amẹ́ríkà tó dìbò gbogbogbòò ní oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ yan ẹni tí yóò gbé àsíá rẹ̀. Olùdìbò lásán ló ń yàn án lọ́hùn-ún. Àmọ́ àwọn tó ń jáde lọ́jọ́ yẹn kì í pọ̀, àwọn tí inú ń bí jù lọ ni kì í sì í fi í ṣeré.

Richard Lugar ti Indiana mọ̀ bó ṣe rí. Republican ni, ó sì ti ń lọ sí ọdún 36 nílé aṣòfin àgbà. Òun àti Sam Nunn, Democrat láti Georgia, ni wọ́n jọ gbé òfin kan kalẹ̀ lọ́dún 1991, tí Amẹ́ríkà fi ná owó láti ba àwọn ohun ìjà runlérùnnà tí Soviet Union fi sílẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ẹgbẹ́ kan tó lè dá a ṣe. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Richard Mourdock, tí àwọn Tea Party gbè lẹ́yìn, na Lugar nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì, Mourdock ti sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ohun tóun mọ̀ sí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni pé kí àwọn Democrat wá fara mọ́ ohun tí àwọn Republican fẹ́. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, à bá ní ó gbọ́n. Joe Donnelly, Democrat, ló wọlé ní oṣù Kọkànlá. Wọ́n lé bàbá tó mọ̀lú, wọ́n sì pàdánù àga náà pátápátá.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó kan Eric Cantor ti Virginia, olórí àwọn Republican tó pọ̀ jù nílé aṣojú-ṣòfin, ẹni tí gbogbo ènìyàn gbà pé òun ló kàn láti di olórí ilé. Ìdìbò abẹ́lé ló gbé e lọ, oṣù Kẹfà ọdún 2014. Àwọn Democrat náà kì í ṣe áńgẹ́lì o. Lọ́dún 2006, nítorí pé Joe Lieberman ti Connecticut ti ogun Iraq lẹ́yìn, ẹgbẹ́ rẹ̀ yan Ned Lamont dípò rẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé. Àfi ìgbà tí Lieberman dá dúró láìsí ẹgbẹ́ ló tó padà wọlé.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Aṣòfin tó bá bá ẹgbẹ́ kejì jókòó, kì í ṣe oṣù Kọkànlá ló ń bẹ̀rù. Oṣù Kẹta, oṣù Karùn-ún, oṣù Kẹfà, ìgbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ fúnra wọn ń bọ̀ wá jí i gbé lójú oorun, ni kì í jẹ́ kó sùn. Ẹgbẹ́ ìlàjà yòówù tí kò bá rí nǹkan ṣe sí ẹ̀rù yẹn, kọfí lásán ló ń pín.

Ní Texas tiyín, wọn kì í kọ orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún olùdìbò. Tó bá di oṣù Kẹta, ìwé ìbò ẹgbẹ́ tó bá wù yín lẹ óò gbà lọ́jọ́ náà. Tí kò bá sí ẹni tó ní ju ìdajì lọ, wọ́n á tún un dì ní oṣù Karùn-ún. Tí ẹ bá ti di ọmọ-ìlú, ẹ bi ara yín pé ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti jáde lóṣù Kẹta látìgbà tí ẹ ti dé ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, Maryland bíi tiyín ni mo wà. Nígbà tí mo di ọmọ-ìlú, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé n kò ṣe ẹgbẹ́ kankan, torí mi ò fẹ́ wàhálà. Ìdìbò abẹ́lé àkọ́kọ́ tí mo lọ, ìwé tí wọ́n fún mi, orúkọ àwọn tó fẹ́ wọ ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rò pé orúkọ Yorùbá tí mò ń jẹ́ ni wọ́n fi fojú di mí. Ṣé mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́? (Arábìnrin tí inú ń bí)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, rọra. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbùdó ìdìbò rí ní àgbègbè Prince George's ní Maryland níbí, mo sì ti rí ojú bíi tìrẹ dáadáa. Àwọn kan á da ìwé náà sílẹ̀ fún wa, wọ́n á bá tiwọn lọ. Òfin ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe orúkọ rẹ. Ní Maryland, ní Pennsylvania, ní New York àti ní Florida, ẹni tó bá ṣe ẹgbẹ́ nìkan ló lè dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀, tí iléeṣẹ́ Gallup bá bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè, àwọn tó ń sọ pé àwọn kò ṣe Democrat, àwọn kò ṣe Republican, lé ní 40 nínú 100.

Ní àdúgbò wa yìí, tí Democrat ti pọ̀ bí èyí, ẹni tó bá borí nínú ìdìbò abẹ́lé ti wọlé tán. Èyí tí a ń dì ní oṣù Kọkànlá, ọ̀rọ̀ ìkíni kú oríire ni. Ìwọ tó ò fẹ́ wàhálà, o ti fi ìbò tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wàhálà. Yan ẹgbẹ́ kan kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ìgbìmọ̀ ìdìbò ìpínlẹ̀ ni wàá ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa mú ọ tó o bá dìbò fún ẹgbẹ́ kejì ní oṣù Kọkànlá.

Àwọn ará Alaska kò fara mọ́ irú èyí, ìtàn wọn sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó lé ní ìdajì àwọn olùdìbò ibẹ̀ tí kò kọ orúkọ sí ẹgbẹ́ Democrat tàbí Republican. Lọ́dún 2010, Sẹ́nétọ̀ wọn, Lisa Murkowski, tó jẹ́ Republican tó máa ń bá ẹgbẹ́ kejì ṣe pọ̀, fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé. Joe Miller, ọmọ Tea Party, ló nà án. Murkowski kò lọ sílé. Ó ní kí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ òun sínú ìwé ìbò. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: Murkowski. Kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn ju Olúwafúnmiláyọ̀ lọ! Wọ́n kọ ọ́, àwọn kan ṣì í kọ, Miller gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n da àwọn tó ṣì í kọ nù, ilé ẹjọ́ kò gbà fún un. Murkowski wọlé. Láti ìgbà Strom Thurmond lọ́dún 1954, kò tíì sí ẹni tó gba ọ̀nà yẹn dé ilé aṣòfin àgbà.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ènìyàn kan, tí agbẹjọ́rò Scott Kendall tó ti bá Murkowski ṣiṣẹ́ rí wà lára wọn, gbé àbá kan síwájú àwọn olùdìbò. Wọ́n ní kí ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kálukú dópin. Gbogbo olùdíje á wà lórí ìwé kan ṣoṣo, gbogbo olùdìbò á dì í, àwọn mẹ́rin tó bá ṣáájú á sì lọ sí ìdìbò gbogbogbòò. Lọ́jọ́ yẹn, olùdìbò á kọ ẹni tó fẹ́ jù sí ipò kìíní, á kọ ìkejì, á kọ ìkẹta, á kọ ìkẹrin. Tí kò bá sí ẹni tó kọjá ìdajì, wọ́n á yọ ẹni tó kéré jù, wọ́n á sì pín ìbò rẹ̀ fún àwọn tí ẹni tó ni ìbò náà fi sí ipò kejì. N kò ní purọ́ fún yín pé owó mẹ̀kúnnù nìkan ni wọ́n fi polongo rẹ̀. Owó ńlá ti òde ìpínlẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n àwọn ará Alaska ló dìbò, oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ó sì kọjá pẹ̀lú ohun tó fi díẹ̀ lé ní ìdajì.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Murkowski dìbò pé Trump jẹ̀bi nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nílé aṣòfin àgbà. Kí la máa ń retí? Pé ìdìbò abẹ́lé á gbẹ̀san. Trump fọwọ́ sí Kelly Tshibaka láti rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdìbò abẹ́lé ti Republican nìkan mọ́ ní Alaska. Àwọn méjèèjì jọ dé ìdìbò gbogbogbòò, Murkowski sì wọlé nígbà tí wọ́n pín ìbò àwọn tó kéré. Lọ́dún 2022 kan náà, Mary Peltola, Democrat, ọmọ ìbílẹ̀ Yup'ik, borí Sarah Palin àti Nick Begich fún àga tí Don Young, tó kú lóṣù Kẹta ọdún náà, ti jókòó lé láti 1973. Òun ni ọmọ onílẹ̀ Alaska àkọ́kọ́ tó dé ilé aṣòfin ní Washington. Murkowski, Republican, sọ ọ́ ní gbangba pé Peltola lòun máa dìbò fún. Níbòmíì, ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn á ti fi òpin sí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún náà, nínú ilé aṣòfin àgbà ti ìpínlẹ̀ náà, nínú àwọn 20 tó wà níbẹ̀, 17 ló para pọ̀ ṣe àjọṣe: Democrat mẹ́sàn-án, Republican mẹ́jọ.

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ gbìyànjú lọ́dún 2024 láti fagi lé e. Ìbò tí kò tó 800 ló gbà á sílẹ̀, nínú èyí tó lé ní 300,000. Ọdún yẹn náà ni Begich na Peltola. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ìyẹn, nítorí àwọn kan ń sọ pé ọgbọ́n àrékérekè Democrat ni ètò náà. Ètò kan náà ló gbé Democrat wọlé, òun kan náà ló gbé e jáde.

Àmọ́ kò ràn. Lọ́dún 2024 yẹn, wọ́n gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn olùdìbò Colorado, Idaho àti Nevada, gbogbo wọn ló kọ̀ ọ́. Ní Nevada, àwọn aṣíwájú nínú ẹgbẹ́ méjèèjì ló lòdì sí i. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ dé nìyẹn, àbí?

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ibì kan tiẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ṣòfin láìsí orúkọ ẹgbẹ́? (Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Nebraska. Sẹ́nétọ̀ George Norris polongo rẹ̀ lọ́dún 1934, àwọn olùdìbò gbà, ilé aṣòfin kan ṣoṣo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1937. Àwọn 49 ló wà níbẹ̀ báyìí. Kì í sí orúkọ ẹgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ olùdíje, ìbò ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n sì fi ń yan àwọn alága ìgbìmọ̀, nítorí náà ọmọ ẹgbẹ́ tó kéré máa ń di alága nígbà mìíràn. Má ṣe rò pé ọ̀run rere ni o. Gbogbo ará ìlú ló mọ ẹgbẹ́ tí kálukú ń ṣe, lọ́dún 2023 sì ni Sẹ́nétọ̀ Machaela Cavanaugh fi ọ̀rọ̀ gígùn dá iṣẹ́ ilé náà dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nítorí òfin kan tí kò bá a lára mu.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn No Labels tó ní kí ẹgbẹ́ méjèèjì máa ṣe pọ̀ ńkọ́? Wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé kí n dáwó. Ṣé ẹgbẹ́ mẹ̀kúnnù ni lóòótọ́? (Oníṣirò owó ní Atlanta)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin tí ẹ mọ owó kà, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i ní yunifásítì Columbia ní New York. Nancy Jacobson tó ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú ni kíkó owó jọ fún àwọn Democrat. Àwọn mẹ̀kúnnù wà nínú rẹ̀, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé owó ńlá sílẹ̀ ni wọn kì í dárúkọ, òfin kò sì fi ipá mú wọn.

Wọ́n ṣe ohun rere. Àwọn ni wọ́n ń pariwo pé aṣòfin tí kò bá ṣe ètò ìnáwó kò gbọdọ̀ gba owó oṣù, lọ́dún 2013 ó sì di òfin fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ni wọ́n wà lẹ́yìn Problem Solvers Caucus, ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú-ṣòfin láti ẹgbẹ́ méjèèjì, tí Josh Gottheimer, Democrat, àti Tom Reed, Republican, jọ bẹ̀rẹ̀ sí í darí lọ́dún 2017. Nígbà tí òfin ojú títì, afárá àti omi ẹ̀rọ, tó tó $1.2 tírílíọ̀nù, kọjá nílé aṣojú-ṣòfin ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìbò 228 sí 206, Republican 13 ló gbè é. Àwọn onílàjà yìí wà lára wọn.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí ilẹ̀ mì. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Kevin McCarthy, olórí ilé, fi ìbò Democrat gbé òfin kan kọjá kí ìjọba má baà tì pa. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, Republican mẹ́jọ dìde pé kó kúrò. Gbogbo Democrat tó wà níjòkòó dìbò pẹ̀lú wọn, títí kan àwọn tó wà nínú Problem Solvers, 216 sí 210. Àwọn Republican inú ìgbìmọ̀ náà bínú gidi: ọkùnrin kan ṣe ohun tí gbogbo wa ń bẹ olóṣèlú pé kí wọ́n ṣe, nígbà tí wọ́n sì fi í jóná, kò sí ọ̀rẹ́ kan tó bu omi wá. Àwọn Democrat ní McCarthy kò pa àdéhùn mọ́, wọn kò sì gbà pé ọ̀rẹ́ ni. Èmi rò pé wọ́n ṣì í ṣe.

Èyí tó bà mí lójú jẹ́ jù ni ti 2024. No Labels fẹ́ fa ẹni tí yóò du ipò ààrẹ kalẹ̀, Democrat kan pẹ̀lú Republican kan lórí ìwé ìbò kan. Lieberman, ẹni tí ìdìbò abẹ́lé lé jáde lọ́dún 2006, wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, nígbà tó sì di ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, wọ́n kéde pé àwọn kò rí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ gbé e, wọ́n pa á tì. Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń rò? Ross Perot gba ìbò bí 19 nínú 100 lọ́dún 1992, kò sì rí ẹyọ kan gbà nínú àwọn ìbò ìpínlẹ̀ tó ń sọ ẹni di ààrẹ. Tí ẹni kẹta bá sì rí díẹ̀ mú nínú wọn débi pé kò sẹ́ni tó pé 270 tí ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní, ilé aṣojú-ṣòfin ni yóò yan ààrẹ, ìpínlẹ̀ kan ìbò kan, àwọn ẹgbẹ́ méjì tí ẹ ń sá fún ni yóò sì jókòó yàn án. Tó bá jẹ́ owó mi ni, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdìbò abẹ́lé ní ìpínlẹ̀ tèmi ni n óò fún.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ gbà mí, Ìyá wa. Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ kì í kí ara wọn mọ́ láti ìgbà ìdìbò 2024. Ọ̀kan ní Trump ni Ọlọ́run yàn, ìkejì ní ẹni tó bá dìbò fún un ta ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ kò rí ọmọ bàbá wọn bá ṣeré mọ́. Ohun tí mo ń gbọ́ ni pé ẹgbẹ́ kan wà tó ń báni yanjú irú èyí. (Ìyàwó ilé, Ohio)

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, Ohio gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2016, ní South Lebanon, àwọn tó dìbò fún Trump àti àwọn tó dìbò fún Hillary Clinton, wọn ò ju bí ogún lọ, jókòó pọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. David Blankenhorn, David Lapp àti Bill Doherty ni wọ́n pè wọ́n. Iṣẹ́ Doherty ni kí n sọ fún ọ: ó ti pẹ́ tó ti ń tún àárín tọkọtaya ṣe ní Minnesota kó tó kan olóṣèlú. Braver Angels ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ báyìí.

Mo ti lọ jókòó nínú ìpàdé wọn rí, nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kan nítòsí wa. Wọ́n á pín ẹ̀yin méjèèjì sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ óò kọ ohun tí ẹ mọ̀ pé àwọn tọ̀hún ń sọ nípa yín sílẹ̀: wọ́n ní a jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n ní a kórìíra orílẹ̀-èdè yìí. Lẹ́yìn náà ẹ óò kọ òtítọ́ tó wà níbẹ̀ ní tiyín. Èyí tó le jù ló kù: ṣé ohun díẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn náà tó jẹ́ òótọ́? Yàrá tiwa dákẹ́ pẹ́ lórí ìyẹn. Nígbà tí a padà pàdé, bàbá kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tọ̀hún, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa tó jẹ́ pásítọ̀, kà á jáde pé àwọn máa ń sọ̀rọ̀ àlejò bí ẹni pé àwọn fúnra wọn kì í ṣe àlejò rí. N kò retí rẹ̀. Ìgbà kan wá wà tí ẹgbẹ́ kan á jókòó láàárín, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀, tí ẹgbẹ́ kejì á yí wọn ká láìgbọdọ̀ yanu. Fún èmi tí ẹ mọ̀ yìí, ìyà ńlá nìyẹn.

Kò yí ìbò ẹnikẹ́ni padà o, wọn kò sì sọ pé àwọn wá yí i padà. Kò sì ní gbé òfin kan kọjá ní Washington. Ṣùgbọ́n ìwọ kò béèrè òfin lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ lo ní kó padà máa bá ara wọn ṣeré. Má ṣe gbé e dé ibi òde àríyá, má sì ṣe gbé e sórí WhatsApp ẹbí, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù á ti dá sí i. Pe àwọn méjèèjì sílé, àwọn nìkan. Kí ọkọ rẹ sọ ohun tí àbúrò rẹ̀ gbàgbọ́ títí àbúrò á fi ní "bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo ń sọ nìyẹn," kí àbúrò náà sì ṣe bákan náà fún un. Ìyẹn nìkan ni kí wọ́n ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fún wọn lóúnjẹ lẹ́yìn rẹ̀, má ṣe fún wọn ṣáájú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Kí ló kan àwa tí a wà n'Ìbàdàn nínú kí Democrat àti Republican fẹ́ràn ara wọn? (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Mi ò bínú, tíṣà. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Amẹ́ríkà ń fi owó ránṣẹ́ sí yín, àbí? Lọ́dún 2025, nínú òfin ńlá kan tí Ààrẹ Trump buwọ́ lù ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, wọ́n fi owó orí sí owó tí ènìyàn bá ń fi ránṣẹ́ sókè òkun. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ilé aṣojú-ṣòfin gbé e kọjá ní mẹ́ta àbọ̀, ìbò 215 sí 214. Nílé aṣòfin àgbà ó já sí ẹyọ kan, ìbò 51 sí 50, igbákejì ààrẹ ló fi tirẹ̀ borí. Kò sí Democrat kan ṣoṣo tó gbè é nílé méjèèjì. Ìyẹn ni pé ẹyọ Republican kan tàbí méjì tó bá gbójú láti kọ̀ ì bá yí i padà, àwọn díẹ̀ tó sì kọ̀ mọ̀ pé ìdìbò abẹ́lé ń bọ̀ wá bá àwọn. Thom Tillis ti North Carolina ní òun kò ní dìbò fún un. Kí wọ́n tó dìbò ìkẹyìn, ó ti kéde pé òun kò ní díje mọ́.

Owó orí náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026: dọ́là kan lórí ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ kò kan owó tó bá jáde tààrà láti inú àkáǹtì báńkì Amẹ́ríkà tàbí tí wọ́n fi káàdì báńkì ibẹ̀ san. Owó lọ́wọ́ àti money order ló kàn. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó yé gbé owó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.